Bàbá Tí Mo Ń Kí ní Èbúté Isotomari

Ọjọ́ kẹfà tí mo ti ń kúnlẹ̀ kí bàbá kan ní èbúté Isotomari ni wọ́n tó sọ fún mi pé ẹ̀rọ ni.

Kí ẹ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìkùukùu òwúrọ̀ ìlú yẹn nípọn, ó máa ń bo gbogbo èbúté títí oòrùn yóò fi ràn dáadáa. Bàbá náà máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri ilé tí wọ́n ń kó yìnyín sí. Ó wọ ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ewé tó ti ṣá, ó dé fìlà tí etí rẹ̀ bò ó lójú, àwọ̀n wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì sinmi. Èmi Bọ́sẹ̀dé Májẹ̀bí, ọmọ Ìlàjẹ, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bí sínú ọkọ̀ ojú omi, ṣé kí n rí àgbàlagbà tó ń tún àwọ̀n ṣe láàárọ̀ kí n kọjá bí ewúrẹ́? Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá." Ẹ̀rọ ògbifọ̀ tó wà létí mi sọ ọ́ fún un ní èdè tiwọn. Bàbá tẹ orí ba, ó gbé e sókè, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, inú ti ń bí mi díẹ̀ pé kò la ẹnu. Mo tún rò ó pé bóyá kì í sọ̀rọ̀ kó tó mu tíì, nítorí irú wọn pọ̀ nílé wa náà. Mo ń kúnlẹ̀ lọ, ó ń tẹrí ba lọ, inú àwa méjèèjì dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, bí mo ṣe ń dìde lórí ìkúnlẹ̀, nǹkan kan dún "tin" lẹ́yìn mi. Òpó irin kan wà láàárín èbúté, ó ga tó èèyàn méjì, nọ́ńbà sì ń tàn lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, mo rò pé ó ń sọ bí òtútù ṣe pọ̀ tó ni. Nọ́ńbà náà kúrò ní mọ́kànlá, ó di méjìlá. Kihachi, olórí àwọn apẹja, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Ó wo òpó, ó wò mí, ó sì di ojú bí ẹni tí eyín ń dùn.

Màmá Fumie, ìyá tí mo wọ̀ sílé rẹ̀, sáré jáde láti inú ìkùukùu. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, n kò sì tíì rí i kó sáré rí.

"Bosede-san," ó ní, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pe èèyàn níbẹ̀, "ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Orúnkún yín á tutù." Ẹ̀rọ etí mi máa ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ ní Isotomari, bí ìkéde ìjọba ló ń dún sí mi.

"Mo ń kí bàbá ni, mà."

"Mo mọ̀." Ó wo apá ọ̀dọ̀ bàbá. "Ṣùgbọ́n Genzo, ọkọ mi, ti kú láti ìgbà tí òdòdó ń yọ. Ẹ̀rọ tó ń bá a hun àwọ̀n nìyẹn. Èmi ni mo wọ ẹ̀wù rẹ̀ fún un, nítorí iyọ̀ òkun."

Mo lọ gbé fìlà náà sókè. Àpótí irin kékeré ni mo bá lábẹ́ rẹ̀, iná tín-ín-rín méjì ń tàn níbi tó yẹ kí ojú wà, abẹ pẹlẹbẹ sì wà níbi tó yẹ kí ẹnu wà. Bó bá ta kókó àwọ̀n kan tán, á tẹ orí ba láti gé òwú. Èsì tí mo ń gbé lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́fà nìyẹn! Ẹ̀rín pa mí, mo di ògiri mú. Màmá Fumie fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Kihachi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ohun tó fà á rèé," ó ní. "Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni mo fi ń kọ̀wé sí ìjọba pé òpó wa ti bàjẹ́."

A wọlé. Màmá Fumie bu ìrẹsì fún mi, ó gbé ẹja sísun àti ọbẹ̀ gbígbóná síwájú mi, ó sì jókòó sórí ẹní. Kihachi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà, ó ní òun ò ní pẹ́. Ní ìlú yẹn, ẹni tó bá bọ́ bàtà ti di ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún ní tíì.

"Òpó yẹn ló ń kà wá," ni Kihachi wí. "Kò ní ojú. Òfin ti yọ ojú gbogbo ẹ̀rọ ìlú kúrò láti ìgbà tí àwọn kan ti fi ń ṣọ́ ìyàwó oníyàwó. Etí ló ní. Ẹni tí wọ́n bá kí láàárọ̀, tó sì dáhùn, tàbí tó tẹrí ba tí òpó sì gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe mì, òpó á kà á sí èèyàn."

"Kí ló dé tí kò ka èmi náà?"

Ó nawọ́ sí okùn aláwọ̀ pupa tí wọ́n so mọ́ mi lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú. "Okùn àlejò nìyẹn. Ó ń sọ fún òpó pé ibòmíràn ni wọ́n ti ń kà yín. Ṣùgbọ́n Genzo onírin yìí ò ní okùn. Ẹ kí i, ó tẹrí ba. Kí ni kí òpó ṣe?"

Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. Àwa Yorùbá la kúkú mọ̀ pé ẹni tí a kò kí ń ṣe bí ẹni tí kò sí, àmọ́ n kò mọ̀ pé ìjọba kan lórí ilẹ̀ ayé ti sọ ọ́ di òfin.

"Tí ẹ bá sì jẹ́ mọ́kànlá ńkọ́?"

Màmá Fumie ló dáhùn. "Èèyàn méjìlá ló gbọ́dọ̀ wà ní èbúté kí òkun rẹ̀ tó lè jẹ́ tirẹ̀. Bí a bá dín fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n á fi omi wa fún àwọn tí kì í sùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gé iná, wọ́n á kó wa lọ sí ilé gíga ìlú ńlá, yàrá kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀la ló pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí Genzo ti lọ."

Àwọn tí kì í sùn ni wọ́n ń pe àwọn ọkọ̀ tó ń dá pẹja. Mo ti rí wọn láti ojú fèrèsé mi, ogójì ọkọ̀ dúdú tí kò sí ẹnì kankan nínú wọn, tí wọ́n tò sí ẹnu ààlà òkun, tí wọ́n ń dúró bí ẹni tó dúró ti ẹni tó ń jẹun kó lè gba àga lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìjọba ti dá wa lóhùn," ni Kihachi wí, ó fa bébà kan yọ. "Wọ́n ní òpó kì í ṣe àṣìṣe. Wọ́n bá wa yọ̀ pé a ti pé méjìlá. Òṣìṣẹ́ wọn ń bọ̀ lọ́la, kò sì ní wo nǹkan mìíràn ju nọ́ńbà lọ."

Bí ìkùukùu bá wà lọ́la, tí mo bá tún jáde lọ kúnlẹ̀ bí mo ti ń ṣe, òpó á ka méjìlá, òkun á sì wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú nìyẹn. Wọ́n mọ̀, èmi náà mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

"Kò sí ọ̀nà mìíràn ni?" Mo béèrè.

"Kí ẹnì kan wá gbé níbí," ni Màmá Fumie wí. "Àlejò tó bá ti sun oorun mẹ́fà lè bọ́ okùn rẹ̀ níwájú òṣìṣẹ́. Á wọ èbúté bí ọmọ ilé, á ní, 'Tadaima,' mo ti dé nìyẹn. Bí ará ìlú kan bá dáhùn pé, 'Okaeri,' káàbọ̀ sílé, òpó á kà á. Kò sì ní lè kúrò fún ọdún méje. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí a ti gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn."

"A kì í bẹ ẹnikẹ́ni sí irú ẹ̀," ni Kihachi yára fi kún un. Ó dìde, ó tẹrí ba, ó jáde. Ìgbà tó lọ tán ni mo rántí pé èmi gan-an ti sun oorun márùn-ún ní ilé yẹn, tòní ló máa ṣe ìkẹfà.

Nígbà tí ìkùukùu ká, Kihachi gbé mi lọ sójú omi. Ohun tí mo torí ẹ̀ wá sí ìlú yìí nìyẹn. Òfin òfuurufú kò gba ẹnikẹ́ni láyè ju ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn kan lọ láàárín ọdún méje, àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi tiwọn lọ wo yìnyín àti ilé aláràbarà. Èmi ní kí wọ́n mú mi lọ síbi tí èèyàn ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pẹja. Wọ́n wò ó títí lórí ẹ̀rọ, wọ́n ní ó ku ibi mẹ́ta láyé.

Kí n má purọ́, mo ti rí apẹja rí, apẹja ni bàbá mi. Ṣùgbọ́n n kò rí irú àwọn arúgbó yìí. Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbé jáde, kò sẹ́ni tó pariwo. Bí wọ́n ti dé ẹ̀yìn àpáta kan, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n jẹ́ kí omi gbé wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ju okùn tirẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo dì í mú. Ẹja tí wọ́n bá kọ́kọ́ fà yọ, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n. Tó bá kéré, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìgbà tí èèyàn gbé ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún wà nínú ọkọ̀ kejì. Ó fa ẹja tó tó apá mi, kò tilẹ̀ yí ojú padà. Mo pàtẹ́wọ́ fún un láti ọkọ̀ wa, ó sì jọ pé mo dójú tì í, torí ṣe ló yára fi ẹ̀yìn kọ mí.

Nígbà tí a padà, wọ́n pín ẹja sórí pákó gbọọrọ kan, ìpín kan fún ilé kan. Ẹnì kan á gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà onílé kọ̀ọ̀kan, kò ní kanlẹ̀kùn, kò ní dárúkọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á ní, "Ẹ ṣé ti àná." Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, orí mi wú. Mo rò pé àwa nìkan la máa ń dúpẹ́ oore àná.

Lẹ́yìn ọ̀sán, mo bá Kihachi níbi tó ti fa ọkọ̀ rẹ̀ gòkè, ó ń fi ọ̀dà funfun kùn ún lábẹ́. Ó ń kùn ún díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ìlà kọ̀ọ̀kan kó má wọ́.

"Bàbá, ṣebí ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gba òkun?"

"Ọ̀la ni."

"Kí ló dé tí ẹ ń kùn ún?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè mi ò yé. "Ọdún yìí ló yẹ kí a kùn ún," ó ní, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọnú ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ yẹn gbọ̀n mí. Mo kúrò níbẹ̀ kó má baà rí omi ojú mi. Bí mo ti ń lọ lójú pópó, mo rí obìnrin tó fa ẹja ńlá lówùúrọ̀, ó ń gbálẹ̀ èbúté, ó ń fi ọwọ́ ṣa ewé kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn yìí dé ibi tó ń dùn mí.

Nírọ̀lẹ́, mo pe ẹ̀gbọ́n mi Oríyọmí ní Òkìtìpupa. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Mo ròyìn bàbá onírin fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

"O kúnlẹ̀ fún ẹ̀rọ! Ọjọ́ mẹ́fà! Bọ́sẹ̀dé, ẹ̀kọ́ ilé ti pọ̀ jù lára rẹ."

Nígbà tí mo sọ ìyókù, wọ́n dẹ́kun ẹ̀rín. "Kí i lọ́la náà nígbà náà. Kí ni ìyẹn fi ṣòro? Ẹnu ẹ ni, orúnkún ẹ ni. Ìwọ ò kúkú sọ fún ẹnikẹ́ni pé èèyàn ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti gbàgbé àwọn òkú ọgbọ̀n?"

Kò sí ọmọ Ayérọrùn tó lè gbàgbé. Ayérọrùn ni ìlú wa kí òkun tó gbé e. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn tí omi lé kọ orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n lè fún wa nílẹ̀ tí a óò jọ tún kọ́, àwọn àgbà rí i pé a kò pé, wọ́n bá fi orúkọ òkú ọgbọ̀n kún un. Wọ́n ṣe é tìfẹ́tìfẹ́. Àwọn òkú náà kúkú jẹ́ ọmọ ìlú. Ọdún kejì ni àṣírí tú, wọ́n fagi lé gbogbo wa, àtòkú àtààyè. Ọdún mọ́kànlá la fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìwé tuntun fún wa. Orúkọ mi wà nínú ìwé tuntun yìí, wọ́n sì ti wọn ilẹ̀ mi, ẹ̀gbẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi gan-an ló wà. Ìwé méjì kì í ka ẹnì kan.

"Bọ́sẹ̀dé." Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ti wálẹ̀. "Má parọ́ fún wọn, mo gbà. Jẹ́ kí wọ́n gba òkun wọn, kí o máa bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ yìí, kì í ṣe ohùn ẹni tó ń bọ̀ wálé. Má dán an wò o."

"N kò tíì sọ nǹkan kan."

"Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí. Tí o bá ka ọdún méje lé e, kí ló kù?"

Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a sì dágbére.

Màmá Fumie ń tẹ́ ẹní fún mi nígbà tí mo wọlé. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ Ayérọrùn àti ti ẹ̀gbọ́n mi fún un láti ọjọ́ kejì, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ó tún ìrọ̀rí ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. "Òtútù máa mú lọ́la," ó ní. "Ẹ má wulẹ̀ jí ní kùtùkùtù. Ẹ sùn dáadáa."

Mo dùbúlẹ̀, mo ń tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Nílé wa, bí ìyá àgbà bá ní kí o má ṣèyọnu, ó lè jẹ́ pé ó ti ń wo ọ̀nà rẹ. Ṣé ó ní kí n wá kúnlẹ̀ ni, àbí kí n má wá? N kò lè bi í, torí bí mo bá bi í, mo ti fi ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ sọ sí i lẹ́nu nìyẹn.

Nígbà tí mo jí, ó ti jáde. Oúnjẹ mi wà lórí tábìlì, ó fi àwo bò ó. N kò jẹ ẹ́. Mo gba èbúté lọ.

Ìkùukùu wà, ó nípọn ju ti ìgbàkígbà lọ. Bí èèyàn bá fẹ́ parọ́, Ọlọ́run ti bá a fa aṣọ títa. Mo dé ibi ògiri ilé yìnyín, mo wo orí àpótí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Màmá Fumie kò gbé ẹ̀rọ náà jáde. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ alẹ́ àná wá yé mi. Ó ní kí n sùn kí wọ́n lè pàdánù òkun wọn láìsí èmi níbẹ̀, kí ó má baà dùn mí.

Àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá ti wà nílẹ̀, wọ́n wọ aṣọ mímọ́, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Òṣìṣẹ́ ìjọba náà jẹ́ géńdé, Nagai lorúkọ rẹ̀, ọ̀fìnkìn ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, òpó ń dún "tin, tin," títí ó fi dé mọ́kànlá. Nagai dúró. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Ohun tó wà níbí ni pé ẹ pé méjìlá."

"Mọ́kànlá ni wá," ni Kihachi wí. "Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi kọ̀wé sí yín."

Nagai nu imú rẹ̀. Mo rí i pé iṣẹ́ tó wá ṣe kò dùn mọ́ ọn. "Aago mẹ́jọ ni òfin wí," ó ní. "Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Mo lè dúró dè yín."

Gbogbo wọn kọjú sí òkun. Kò sẹ́ni tó wò mí, àní fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn èèyàn yẹn kò jẹ́ fi ojú lásán bẹ mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọkàn mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo ronú kan ẹ̀gbọ́n mi, mo ronú kan ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n fún mi, tí ẹsẹ̀ mi ò tíì tẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí omi ti lé wa, ọdún mẹ́tàlélógún, ìlú yìí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ kí èèyàn máa kí ara wọn létí omi láàárọ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń rí bí ohùn yẹn bá dákẹ́. N kò fẹ́ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kejì láyé mi.

"Ọ̀gbẹ́ni," mo ní, "mo ti sun oorun mẹ́fà."

Nagai yí padà. Ó ka òfin fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, ṣé mo mọ̀ pé ọdún méje ni? Mo mọ̀. Ṣé mo mọ̀ pé orúkọ mi á kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀? Mo mọ̀. Mo tú okùn ọwọ́ mi, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo rìn padà dé ibi tí ọ̀nà ti wọ èbúté, mo yíjú, mo wọlé bí ẹni tó ń bọ̀ láti oko.

"Tadaima," mo ní, ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ojú bàtà rẹ̀ ni Kihachi ń wò. Màmá Fumie mi orí, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Rárá," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n yín ń dúró dè yín. Àwa ti gbó. Ẹ má fi ayé yín dí ihò ọkọ̀ wa."

"Mà, n kò wá dí ihò. Mo fẹ́ràn ibí ni."

Ó tún mi orí. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ọgbọ́n ti tán níkùn mi, ó wá ku ohun tí ìyá mi fi kọ́ mi kan ṣoṣo. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, lórí kọnkéré tútù, orúnkún méjèèjì. Àgbà nílé wa lè bínú, ó lè bú èèyàn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. N kò mọ̀ bóyá àgbà tibí náà rí bẹ́ẹ̀.

"Tadaima," mo tún wí, n kò sì dìde.

Ìṣẹ́jú kan kọjá, òmíràn kọjá. Omi wọ aṣọ mi. Lẹ́yìn náà Màmá Fumie ṣe ohun tí n kò retí. Ó tẹ orúnkún tirẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kúnlẹ̀ kojú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó sì tẹ orí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ilẹ̀ èbúté.

"Okaeri," ó ní.

Jìnnìjìnnì bò mí. Ìyá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rin ọdún ń kúnlẹ̀ fún mi! "Háà, mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má pa mí," ni mò ń pariwo, mo ń fà á lápá kó dìde, òun náà ń fà mí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ṣubú. Lẹ́yìn wa ni òpó ti dún. Méjìlá ń tàn lórí rẹ̀. Àwọn yòókù wá ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, "Okaeri, okaeri," Kihachi ló sọ ọ́ kẹ́yìn. Nagai kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, ó fọn ikun imú rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí fóònù mi fi gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni wọ́n kọ síbẹ̀: a ti yọ Bọ́sẹ̀dé Májẹ̀bí kúrò nínú Ìwé Ayérọrùn. Mo kà á tán, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Màmá Fumie dúró tì mí, kò ní kí n dákẹ́.

Fóònù tún dún, ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gànjọ́ ni lọ́dọ̀ wọn, wọn ò sùn.

"Wọ́n ti yọ ọ́," wọ́n ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

Mo ń gbọ́ èémí wọn.

"Ṣé wọ́n wà níbẹ̀, àwọn èèyàn náà?"

"Gbogbo wọn wà níbí."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Mọ́kànlá. Èmi ni mo ṣìkejìlá."

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Bá mi kí wọn."

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo ní mo ti gbọ́, màá kí wọn.

"Ìsinsìnyí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ẹkún ti wà lóhùn wọn. "Lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ gbọ́."

Mo dìde, mo gbé fóònù sókè, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Kihachi. Mo dárúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo ní ẹ̀gbọ́n mi Oríyọmí ní kí n kí yín, wọ́n sì ń dáhùn. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo kan Màmá Fumie, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ó sì tẹrí ba fún un bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Ó ti ní ilé." Lẹ́yìn náà àwọn apẹja lọ ti ọkọ̀ sómi, nítorí ìkùukùu ti ń ká.